Ọkùnrin Bọ́ílà Kò Dúró Mu Tíì

Nígbà tí Pa Akíndélé fi máa padà dé ẹnu ọ̀nà, fìlà lórí, tíréè tíì lọ́wọ́, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Ó yọjú sí ọ̀tún, ó yọjú sí òsì. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Ológbò kan ṣoṣo ló jókòó sórí ògiri kékeré iwájú ilé, ó ń wo bàbá bí ẹni pé òun ló gbé tíì wá fún. Ọkọ̀ funfun tí ọkùnrin bọ́ílà gbé wá ti lọ. Àìpẹ́ yìí ni ọkùnrin náà dúró lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, tó kí bàbá, tó sì sọ ohun tó bá wá. Bàbá náà kí i padà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ó sọ fún un pé òun ń bọ̀. Ó sì ti padà wá báyìí lóòótọ́, àmọ́ ta ni kó gbé tíì fún?

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé," ó sọ fún ológbò náà.

Ó ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù, ó jókòó, ó sì mu tíì náà fúnra rẹ̀. Àdùnní, ìyàwó rẹ̀, kì í fẹ́ kí wọ́n da tíì nù.

Bọ́ílà ni ẹ̀rọ tó ń gbé omi gbóná, tó sì ń mú gbogbo inú ilé lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá kú nínú òtútù Manchester, ilé a di fíríìjì tó ní fèrèsé. Ti ilé Pa Akíndélé ti kú látìgbà tí ewé ti ń já bọ́ lára igi, igi sì ti wà ní ìhòòhò báyìí. Ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ni nígbà tí òun àti Àdùnní kọ́kọ́ kó wọ Moss Side. Nígbà tó yá, káńsù fa gbogbo òpópónà náà lé àjọ kan lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò sì ń pe àjọ náà ní Háúsìn. Ìwọ san rẹ́ǹtì, Háúsìn a tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Kò sí ohun tó lọ́jú pọ̀ nínú ẹ̀, àfi ìgbà tí Háúsìn bá ní ìwọ ni kò jẹ́ kí àwọn wọlé tún un ṣe.

Ohun tí obìnrin tó pè é lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà sì sọ gan-an nìyẹn. Míìsì Hargreaves ló ń jẹ́, òun ló ń mójú tó àwọn ayálégbé Háúsìn ní agbègbè náà.

"Míṣítà Akíndélé, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí tí ẹ ó kọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ wa láti wọlé."

"Ta ló kọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ ohun kan náà."

"Nígbà náà, òpùrọ́ mẹ́ta lẹ gbà síṣẹ́."

Obìnrin náà wá ṣàlàyé pé gáàsì ni bọ́ílà ń lò, pé òfin ò gbà kí àwọn fi í sílẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò, pé bí bàbá kò bá jẹ́ kí àwọn wọlé, ilé ẹjọ́ ni yóò bá àwọn ṣí ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀. Ohùn tó rọ̀ yìí ló wá burú jù.

"Bóyá ilé yẹn ti fẹ́ tóbi jù fún yín, sà. Ẹ̀yin nìkan. A ní fúláàtì kan ní Swinton tó ṣófo, ti àwọn àgbàlagbà ni. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń yọjú sí wọn lárààárọ̀. Màá wá rí yín lọ́jọ́bọ̀, ká jọ sọ ọ́."

Bàbá dúpẹ́, ó gbé fóònù kalẹ̀. Ẹjọ́ kò bà á lẹ́rù. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Trafford Park, kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni pè é ní òpùrọ́ tàbí olè níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe dúró níwájú adájọ́. Swinton ló bà á lẹ́rù. Kì í ṣe pé Swinton burú. Ó kàn jẹ́ pé Àdùnní kò gbé ibẹ̀ rí ni.

Ọmọ bíríkìlà ni Àdùnní, ní Ṣàgámù. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ rẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan fún ọlọ́lá kan nílùú. Oòrùn mú un, ó tọrọ omi, ìyàwó ilé sì bu omi fún un nínú agolo tí wọ́n fi po ọ̀dà. Bàbá rẹ̀ mu ún, ó dúpẹ́, kò sì sọ nǹkan kan nígbà tó délé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló tú u síta. Láti ọjọ́ náà ni Àdùnní ti sọ pé bí òun bá ní ilé, ì báà jẹ́ yàrá kan, ẹni tó bá wá fọwọ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àlejò pàtàkì ni.

Ó gbé òfin náà dé Manchester. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá kan ilẹ̀kùn, Àdùnní á ṣí i, á kí i, á ní òun ń bọ̀, á sì ti ilẹ̀kùn kíá kí òtútù má baà kó wọlé. Ìgbà yẹn ni wàhálà á bẹ̀rẹ̀ nínú ilé.

"Bàbá Bísọ́lá, ẹ dìde. Ẹ wọ ẹ̀wù. Ẹ dé fìlà."

"Páìpù ló wá tún ṣe, kì í ṣe pé ó wá tọrọ ọmọ wa."

"Bó bá ṣe ọmọ wa ló wá tọrọ ńkọ́, ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì lẹ máa fi gbà á lálejò? Ẹ dé fìlà o jàre."

Omi á hó, tíì á délẹ̀, bísíkíìtì méjì á jókòó sínú àwo pẹlẹbẹ, àga á dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá pé tán ni ilẹ̀kùn máa tó ṣí. Lásìkò yẹn, ẹnì kan náà ni káńsù máa ń rán wá, ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ́ Derek. Derek ti mọ̀ wọ́n. Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, á fìdí lé ògiri iwájú ilé, á tan sìgá. Ó ní nínú gbogbo Moss Side, ilé yìí nìkan lòun ti ń rí àyè mu sìgá tán kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá ń lọ, Àdùnní á ka gbogbo ọmọ Derek lórúkọ, á ní kó bá òun kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Derek ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ó ti lé ní ọdún kan tí Àdùnní náà ti kú. Òfin ló ṣẹ́ kù, Pa Akíndélé nìkan ló sì kù tó ń pa á mọ́, pẹ̀lú orúnkún tí kò fẹ́ yára mọ́.

Ní ọjọ́rú, Abísọ́lá, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wakọ̀ wá láti Ramsbottom níbi tí òun àti Ṣẹ̀san, ọkọ rẹ̀, ń gbé. Manchester ni wọ́n bí i sí, àmọ́ ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní Yorùbá àti ìkúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, kò sì tíì dìde tó fi kígbe.

"Daddy! Inú ilé yìí cold ju ìta lọ! Ẹ kó bag yín, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Just for the winter."

"Kí ni kí n wá máa ṣe ní Ramsbottom? Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé ibẹ̀."

"Kí ló burú nínú òkúta?"

"Èmi ò sọ pé ó burú."

"Ṣẹ̀san ti tún yàrá ṣe dè yín. Ó ra bẹ́ẹ̀dì tuntun."

"Kí Ṣẹ̀san sùn níbẹ̀."

Abísọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sì jókòó tì í. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí obìnrin Háúsìn ti ṣe. "Daddy, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ ò jẹ́ kí wọ́n wọlé? Ẹ sọ fún mi. Mi ò ní bínú."

Bàbá wò ó títí ọmọ náà fi gbójú kúrò. "Ìwọ náà?" ni gbogbo ohun tó sọ.

Abísọ́lá sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí ó fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà bá dé. Ó wà lórí àtẹ̀gùn, ó ń di irun, nígbà tí aago ẹnu ọ̀nà dún ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀. Ó rí bàbá rẹ̀ tó lọ ṣí i. Ó rí obìnrin òyìnbó kan tó wọ kóòtù dúdú, fáìlì lábẹ́ apá, imú rẹ̀ pọ́n nínú òtútù.

"Good morning, Mr Akíndélé."

"Good morning, madam," bàbá dáhùn, ó tẹ orí ba díẹ̀. "I am coming."

Ó bá rọra ti ilẹ̀kùn, ó kọjá lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó sì kọrí sí kíṣínì.

"Daddy."

"Níbo ni ìyá rẹ ń kó bísíkíìtì sí?"

"Daddy, ta ló wà níta?"

"Obìnrin Háúsìn."

"Kí ló dé tí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú?"

"Ta ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú? Òtútù ni mo tilẹ̀kùn mọ́. Mo ti sọ fún un pé mo ń bọ̀."

Abísọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ẹ dúró ná. Àwọn ọkùnrin bọ́ílà yẹn. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe sọ fún àwọn náà? 'I am coming'? Ẹ wá tilẹ̀kùn?"

"Kí lò ń fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

"Yéè! Daddy! Òyìnbó kì í sọ bẹ́ẹ̀! Tẹ́ ẹ bá ní 'I am coming' fún òyìnbó, ohun tó gbọ́ ni pé ẹ ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun, pé ẹ ti wà lọ́nà. Ẹ̀yin wá kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ tún pa ilẹ̀kùn dé! Wọ́n á rò pé orí yín ti dàrú ni, tàbí pé ẹ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ó dáa. Ṣé kí n wá sọ pé mo ń lọ ni?" Inú ti ń bí bàbá. "Nínú ilé ara mi? Ta ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ń lọ?"

Àmọ́ Abísọ́lá ti ṣílẹ̀kùn, ó ti ń sáré lójú títì pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lásán, ìdajì irun rẹ̀ ló dì, ìdajì ń fò. Ó bá Míìsì Hargreaves lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó gbé wá, bírò lọ́wọ́, ó ti fẹ́ kọ̀wé sínú fáìlì. Jasmine, obìnrin ará Jàmáíkà tó ń gbé ilé kejì, rí Abísọ́lá láti ojú fèrèsé, ó rò pé nǹkan ti ṣe bàbá, òun náà sì sáré jáde pẹ̀lú ápúrọ́ọ̀nù. Báyìí ni gbogbo wọn ṣe wọ pálọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Abísọ́lá ṣàlàyé títí. Míìsì Hargreaves fetí sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì yí padà. Ó ní fóònù àwọn òṣìṣẹ́ ló ń dá àkókò fún wọn. Bí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ wọn lójú, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹ̀rí, wọ́n á sì lọ sí ilé tó kàn. Ó ṣí fáìlì, ó fi àwọn fọ́tò náà han bàbá.

Pa Akíndélé gbà wọ́n, ó gbé wọn jìnnà sí ojú kó lè rí wọn dáadáa. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nìyẹn, aláwọ̀ ewé. Àdùnní ló yan àwọ̀ náà. Ó bá akunlé jà torí rẹ̀, ó ní ewé tí òun ń wí kọ́ nìyẹn, ewé kókò lòun ń wí, akunlé náà kò sì rí kókò rí láyé rẹ̀. Bàbá kò tíì wo ilẹ̀kùn náà báyìí rí, ní títì, láti ìta. Bó ṣe rí nínú fọ́tò, ilé ẹni tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni mọ́ ni.

"Ẹ má bínú, sà," Míìsì Hargreaves sọ. "Kì í ṣe pé mo ní ẹ ń parọ́. Àmọ́ bí mo bá dé ọ́fíìsì tí mo sọ pé ẹni tó ń bọ̀ ló tilẹ̀kùn, ta ni yóò gbà mí gbọ́?"

Jasmine ló bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú.

"Èmi gbà á gbọ́!" ó wí. "Jọ̀wọ́, ìyáàfin, jẹ́ kí n sọ ti Àdùnní fún ọ. Ọdún tí mo kó dé ibí, a fẹ́ jọ lọ sọ́jà. A dúró síbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì ní Princess Road. Bọ́ọ̀sì ti ń yọ lọ́ọ̀ọ́kán. Àdùnní kọjú sí mi, ó ní 'I'm coming', ó sì yí ẹ̀yìn padà, ó lọ! Mo ní, ṣé mo ṣẹ obìnrin yìí ni? Bọ́ọ̀sì dé, ó lọ. Òmíràn dé, ó lọ. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó pa mí bí ẹyẹ. Ìgbà tó yá, mo rí i tó ń bọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín pẹ̀lú agbòjò méjì. Ó ní, 'Kí ló dé tí o fajú ro? Ṣebí mo sọ fún ẹ pé mo ń bọ̀?' Mo bú u. Òun náà bú mi. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ní òun ń bọ̀, màá bi í pé, 'Bíbọ̀ tiwa ni, àbí bíbọ̀ tiyín?'"

Míìsì Hargreaves gbìyànjú láti pa ẹnu rẹ̀ pọ̀, kò rí i ṣe. Abísọ́lá ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń nu ojú. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ìtàn náà rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àdùnní, ó ti gbà lọ́kàn pé gbogbo ohun tí òun máa ní nípa rẹ̀ lòun ti ní, pé kò sí èyí tó tún lè wọlé wá. Àmọ́ Àdùnní rèé tó ń rìn bọ̀ nínú òjò, pẹ̀lú agbòjò méjì.

Bàbá rántí òwúrọ̀ tí áńbúláǹsì wá gbé e. Òun fẹ́ bá a lọ, Àdùnní kọ̀. Ó ní Abísọ́lá ti wà lọ́nà láti Ramsbottom, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nílé tí yóò ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n ti gbé e wọnú ọkọ̀ tán kó tó gbọ́wọ́ sókè. "Bàbá Bísọ́lá, mo ń bọ̀." Òun sì dáhùn bí gbogbo ọkọ ti ń dáhùn: "Tètè dé o." Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ àwọn méjèèjì láti kékeré. Ẹni tó ń lọ sódò, ẹni tó ń lọ sóko, ẹni tó ń rìnrìn àjò, kò sí èyí tó ń sọ pé òun ń lọ. Àwọn ọkùnrin bọ́ílà dúró díẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Òun ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń dúró de Àdùnní.

Ó wúkọ́, ó da fọ́tò náà padà sọ́wọ́ obìnrin náà.

"Ẹ jẹ́ ká sọ ti bọ́ílà," ó wí.

Míìsì Hargreaves ní òun á rán ẹlòmíràn wá lọ́jọ́ ajé. Ó ní ohun tí òun gbọ́ tẹ́ òun lọ́rùn, àmọ́ kò lè tẹ́ ọ̀gá òun lọ́rùn. Bí fọ́tò ilẹ̀kùn títì bá tún wọlé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ẹjọ́ ló kù, wọn ò sì ní jẹ́ kí fúláàtì Swinton ṣófo títí.

Lẹ́yìn tó lọ, Abísọ́lá dúró sí àárín pálọ̀, ó ń kọ́ bàbá rẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ iléèwé.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ní 'Come in.' Finish."

"Láìdé fìlà?"

"Láìdé fìlà."

"Láìsí tíì nílẹ̀?"

"Tíì á tẹ̀ lé e."

"Ìyá rẹ kò ní…"

"Daddy, Mummy kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu omi nínú agolo ọ̀dà ni. Ìyẹn nìkan ni. Kò sọ pé kí òtútù pa èèyàn síta."

Nígbà tó fi di ọjọ́ ajé, bàbá ti pinnu pé òun á pa òfin mọ́, òun á sì tún jẹ́ kí ọkùnrin náà wọlé. Gbogbo nǹkan ni yóò ti wà nílẹ̀ kí aago tó dún. Ó da tíì sínú fúláàsìkì. Ó tẹ́ fìlà àti ẹ̀wù sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ọ̀sán ni ọkùnrin náà ń bọ̀, nítorí náà ó fi omi tó gbé kaná nínú kẹ́túlù bọ́jú, ó fi ọṣẹ kun àgbọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ló fá tán tí aago dún.

Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wà lọ́rùn rẹ̀, táwẹ̀lì ló wà léjìká. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀wù wà lápá ọ̀tún nínú yàrá, kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, fìlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago tún dún. Ó wo yàrá, ó wo ìsàlẹ̀. Ó di ọwọ́ àtẹ̀gùn mú, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó ń pariwo, ó ń kígbe bó ṣe ń sún mọ́ ìsàlẹ̀:

"I am coming! I am coming!"

Ó fa ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé àpótí irinṣẹ́ dání ló wà níbẹ̀, ó sì ti gbé fóònù sókè sí ilẹ̀kùn. Fóònù náà dún "kẹ̀rẹ̀". Fọ́tò tó yà, kì í ṣe ilẹ̀kùn ló wà nínú rẹ̀, Pa Akíndélé ni, ìdajì ojú rẹ̀ funfun fún ọṣẹ.

"Come in," bàbá wí. "Wọlé, wọlé, òtútù."

Ọmọ náà nu ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé. Ó mu tíì inú fúláàsìkì bó ṣe ń tú ọ̀kan, tó ń so ọ̀kan. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣínì, orí rẹ̀ lásán, apá rẹ̀ lásán, ojú ń tì í. Ó ń retí ohùn kan láti ẹ̀yìn tí yóò ní kó lọ wọ ẹ̀wù. Kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ́, kọ́, kọ́ láti yàrá dé yàrá, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ náà ń pa àpótí rẹ̀ dé. Ó ní ọdọọdún ni àwọn gbọ́dọ̀ máa yẹ bọ́ílà náà wò. Ó wo fóònù rẹ̀, ó ṣiyèméjì díẹ̀. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ kó lọ sí Swinton, sà. Ṣé kí n fi ti ọdún tó ń bọ̀ síbí, àbí kí n fi í sílẹ̀ ná?"

"Fi síbí," bàbá wí. "Ilé mi nìyí. Ṣùgbọ́n sọ fún wọn kí wọ́n má wá lásìkò tí mo bá ń fárùngbọ̀n."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ náà ti yà ní ìkòríta, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn. Ó gòkè padà, ó sì lọ fi omi gbígbóná fá ìdajì tó kù.